Lẹ́tà Mẹ́ta

Ọmọ ọmọ mi di eku mú lọ́wọ́ ọ̀tún,
eku tí kì í jẹ ẹ̀pà, tí kì í họ àjà lóru,
ó ń tì í kiri lórí tábìlì ilé ìdáná
nítòsí òpópónà Holderness, ní Hull.
Ìyá rẹ̀ wà níṣẹ́ òru.
Òjò ń fi èékánná ha gíláàsì fèrèsé.

Nínú gíláàsì kejì, ojú kọ̀ǹpútà,
ìlú kan wà lábẹ́ òkè,
ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn kò tó ẹyọ ọkà bàbà.
Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń bínú,
ṣùgbọ́n wọn kò ní ṣíṣẹ́ àfi kí o pàṣẹ,
àṣẹ ọ̀hún sì wà nínú àpótí,
àpótí nínú àpótí.
Jọláadé ń wá ibùsùn: ó tẹ àwòrán òòlù,
àwòrán òòlù bí àwòrán ilé,
àwòrán ilé bí mẹ́rìnlá mìíràn,
ibùsùn wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá àga.
Kí ó tó débẹ̀, ẹni tó rẹ̀ ti sùn sórí òkúta.

Mo ní kí ó gbé e fún mi. Ó rẹ́rìn-ín.
"Màmá, ọfà yìí kéré, ẹ ò ní rí i."
Òótọ́ ni. Ojú mi ti di ojú ọjọ́ Humber,
kùrukùru láàárọ̀, kùrukùru lálẹ́.
Ṣùgbọ́n ta ní béèrè ojú?
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi tẹ̀wé ní Àkúrẹ́.
Ìyáàfin Fákúnlé a máa fi páálí bo ìka wa:
"Ẹni tó bá wo ọwọ́ kò ní wo owó."
Ìka mi mọ ibùgbé lẹ́tà
bí ẹsẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà ṣáláńgá lóru.

Géèmù náà gbà kí a yí bọ́tìnì padà.
Mo ní kí ó fi Yorùbá sí i.
G, B, E: wọ́n gbẹ́ ilẹ̀.
K, O: wọ́n kọ́ ògiri.
S, U, N: ibùsùn yọ, aláàárẹ̀ dùbúlẹ̀.
Kò sí àmì lókè, kò sí tó wà nísàlẹ̀,
kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀ bóyá gbé ni tàbí gbẹ́,
èmi mọ̀, ìlú mi náà mọ̀.
"Màmá, ẹ yára o."
Orí mi wú, n kò ní parọ́.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, omi ya wọ inú ihò.
Mo ń fi bọ́tìnì gbé àmì, ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ kan,
ọ̀tún mẹ́jọ, òkè mẹ́ta, mo ṣìrò, mo tún un kà,
omi kò dúró ka tirẹ̀.
Ọmọ náà na apá kọjá láyà mi, ó gba eku,
ó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà,
ògiri sì dìde láti etí dé etí.
Èmi mọ orúkọ nǹkan.
Òun mọ ibi tí nǹkan wà.

Ẹnì kan ti kú sódì kejì ògiri,
awakùsà tí Jọláadé sọ lórúkọ Callum,
ọmọ ilé kẹta, tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Leeds lóṣù tó kọjá.
Ó ń wá àwòrán ibojì,
àpótí nínú àpótí, eku ń gbọ̀n.
Mo gbé ọwọ́ rẹ̀ sórí bọ́tìnì,
mo fi ọwọ́ mi bò ó bíi páálí.
"Má wo ìsàlẹ̀."
S. Ó rí i.
I. Ó pẹ́ díẹ̀.
N.

Nígbà tó yá, ó bi mí
bóyá lẹ́tà mẹ́ta yẹn ní ìtumọ̀ mìíràn.
Mo ní, fi ohùn ìsàlẹ̀ pè é: sìn.
Kì í ṣe òkú mọ́.
Àlejò ni a ń sìn dé ẹnu ọ̀nà,
a ó sì ní kí ó kí ará ilé.
Ó wo aago. Ó bi mí
iye tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Leeds.